Abẹ Méjì Lórí Ikùn Kan

Òru ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1987 ni wọ́n gbé ìyá mi wọ tíátà ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ìfun rẹ̀ ló lọ́. Ó ti ń bì láti ìjẹta, ikùn rẹ̀ wú, ó le gbandi, kò yàgbẹ́, kò só. Nọ́ọ̀sì kì í na irinṣẹ́ sí dókítà lórí ìyá ara rẹ̀, nítorí náà ẹnìkejì mi ló fọ ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́. Wọ́n gbà kí n dúró lẹ́bàá ògiri, wọ́n sì kìlọ̀ fún mi pé tí mo bá fi lè sunkún, ìta ni. Mo bá fi ojú iṣẹ́ wo gbogbo rẹ̀, bí ẹni pé ìyá ẹlòmíràn ló sùn síbẹ̀.

Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ti dàgbà, ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oògùn nu ikùn náà tán, ó dúró, ó ń wò ó. Wíwú tó wú ti na kóló, àwòrán tí wọ́n fi abẹ fín sí i lára. Alángbá apá òsì ìdodo ti fẹ̀ bí awọ́nríwọ́n. Ó ní kí wọ́n bá òun mú GV wá. Ó ti igi tín-ín-rín kan bọ inú oògùn elésè àlùkò yẹn, ó sì fa ìlà láti òkè ìdodo wá sí ìsàlẹ̀. Tí a bá fẹ́ la ikùn láàárín báyìí, apá òsì la sábà máa ń gbà yí ìdodo ká. Ó gba apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló tún fa àwọn ìlà kéékèèké dábùú ìlà gígùn náà, méje ni mo kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ọ̀wọ́ kóló kan bá ti ń kọjá láti ọ̀tún lọ sí òsì.

Dókítà kékeré tó ń ràn án lọ́wọ́ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìfun yẹn lè ti máa kú o." Òótọ́ ló sọ. Ìfun tó bá lọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ mọ́. Àgbà yẹn kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ níbí kó tó kàn wá." Ó na ọwọ́, wọ́n fi abẹ lé e lọ́wọ́.

Mo wo aago ara ògiri. Gbogbo ohun tó ṣe yẹn kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé ta ni ó ń fi ìṣẹ́jú yẹn bọ̀wọ̀ fún. Ìyá mi ti sùn lọ fọnfọn, kò mọ nǹkan kan. Olóólà tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́. Ọlọ́run tó dá awọ náà ńkọ́? Bí a bá ní ká gba ti pásítọ̀ mi àti ti àáfà ìyá mi, kò fẹ́ràn kóló rárá.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí ìyá mi. Kò mọ ọdún tó gba kóló. Ohun tó mọ̀ ni pé ó ku oṣù mélòó kan kí wọ́n sin òun lọ ilé ọkọ, ọdún 1950 ló sì bí ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Ìdájí mẹ́ta ló gbà. Olóólà jókòó sórí àpótí, ìyá mi sùn sórí ẹní, ìyá rẹ̀ àgbà gbé orí rẹ̀ lé itan, ó dì í mú. Abẹ kékeré ni ọkùnrin náà ń lò. Á fi ìka méjì fún awọ sókè, á sín in wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á sì fi dúdú ìdí ìkòkò tó ti kúnná pa á kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ó ní ọjọ́ kejì ló burú jù, nítorí ara ti mọ ohun tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin kan ní agboolé wọn dìde sá lọ lọ́jọ́ kejì yẹn, kò padà wá mọ́. Alángbá tirẹ̀ kò ní ìrù títí ó fi kú, àwọn ìyàwó ilé kan sì ń pè é ní Aláàbọ̀ Alángbá. "Ẹni tí kò lè gba kóló, báwo ló ṣe fẹ́ gba ìrọbí?" Bí ìyá mi ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí òun náà mọ̀ pé ọmọ mẹ́fà ni Aláàbọ̀ Alángbá bí, wẹ́rẹ́ ló sì ń bí wọn.

Ẹni tí kò bá ní ìyá tó ní kóló lè rò pé ojú la fi ń wò ó. Ọwọ́ ni. Awọ wa a máa wú díẹ̀ níbi tí abẹ bá ti kọjá, kóló tó bá jinná dáadáa á sì ga lábẹ́ ọwọ́ bíi hóró ìrẹsì lábẹ́ aṣọ. Nígbà tí mo kéré, tí wọ́n bá ti pa àtùpà, mo máa ń sùn sórí ikùn rẹ̀, n ó fi ìka wá alángbá náà láti orí dé ìrù, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí oorun tó gbé mi lọ. Igi ọ̀pẹ ló wà lápá ọ̀tún. Láàárín àwọn méjèèjì ni àwọn ọ̀wọ́ wẹ́wẹ́ wà, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ bí egungun ẹja.

Kì í ṣe pé ohun tó rọrùn kò sí. Bùjé wà, tí àwọn ọmọge ń fi ya ara lọ́jọ́ ọdún, kì í sì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ kó tó ṣí. Ẹni tó bá kàn fẹ́ ṣe oge lè fi bùjé ṣe é kó sì lọ. Ẹni tó yan kóló mọ̀ pé yóò bá òun dé sàréè.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, èdè wa kọ́ mi ju ìwé nọ́ọ̀sì lọ. A ń kọ ilà, a sì ń kọ ìwé. A ń fín igbá, a sì ń fín ara. Abẹ ni olóólà ń lò. Nígbà tí òyìnbó sì gbé tirẹ̀ dé, a kò wá orúkọ míràn fún un, iṣẹ́ abẹ la pè é. Mo ti rí dókítà tó ń fi olóólà ṣe yẹ̀yẹ́ pé omi ìgbín ló ń fi tu ojú ilà ọmọ, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé lójú Yorùbá, ẹgbẹ́ kan náà ni yín, abẹ́ Ògún kan náà lẹ wà, kìkì pé tìrẹ ní iná mọ̀nàmọ́ná lórí.

Ní àdúgbò ìyá mi àgbà l'Ọ́yọ̀ọ́, àwọn tó ń fín igbá pọ̀. Bàbá kan wà láàárín wọn tí kò lè fín mọ́ nítorí ojú rẹ̀ ti ṣú. Igbá tó là ló ń rán. Mo jókòó tì í lọ́pọ̀ ọjọ́ nígbà ọlidé. Tí wọ́n bá gbé igbá fínfín tó là wá, kì í kọ́kọ́ mú òòlu. Á gbé igbá náà lé itan, á fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ títí etí ibi tó là yóò fi pàdé, á wá fi èédú fa ìlà kéékèèké dábùú rẹ̀ níbi tí ẹyẹ tàbí ewé tí wọ́n fín bá ti já. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó lu ihò, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀, kó tó ki òwú bọ̀ ọ́. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣebí kí ó má jò ni wọ́n gbé e wá fún?" Ó ní, "Kí ó má jò, ti onígbá nìyẹn. Kí ẹyẹ má kú, tèmi nìyẹn."

Nígbà tí mo rí àwọn ìlà méje yẹn lórí ikùn ìyá mi, bàbá onígbá ni mo rántí. Dókítà kò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí awọ lábẹ́ abẹ kò díjú. Awọ kì í ṣe aṣọ tí wọ́n tẹ́ jẹ́ẹ́; gbogbo ìgbà ló ń fà, bí awọ ìlù. Karl Langer, onímọ̀ nípa ara ènìyàn ní ìlú Vienna, fi ohun ṣóńṣó róbótó gún òkú káàkiri ara ní 1861, ó rí i pé ihò náà kò róbótó. Gígùn ni wọ́n dà, oníkálùkù sí ìhà ibi tí awọ ń fà sí. Bí abẹ bá tọ ìhà yẹn, àpá á tín-ín-rín. Bó bá dábùú rẹ̀, ọgbẹ́ á yanu, àpá á fẹ̀. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, wàhálà míràn tún wà: àpá tó ń hù, tó ń ga, tó ń yún ni, tó máa ń kọjá ibi tí ọgbẹ́ mọ, pàápàá ní àyà, èjìká àti etí. Ìbátan ohun tó ń jẹ́ kí kóló ga kó sì wuyì ni. Ara wa mọ ọnà ṣe; nígbà míràn ni kì í mọ ibi tó yẹ kó dá ọwọ́ dúró.

Dókítà tó bá fẹ́ gé ara fínfín gbọ́dọ̀ ro ibi tí àìsàn wà, kó ro ibi tí awọ ń fà sí, kó tún ro ibi tí ẹni àkọ́kọ́ gbà. Àìsàn ló ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ bá lè gba etí ewé dípò àárín rẹ̀, àpá á sá pamọ́ sínú ìlà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, tó jẹ́ pé dandan ni kó la lẹ́tà kọjá, àfi ká sàmì sí ọ̀tún àti òsì kí a tó gé, torí pé bí abẹ bá ti kọjá báyìí, awọ á fà sẹ́yìn, ojú kò sì ní mọ èyí tó bá èyí tan mọ́. Abẹ gbọ́dọ̀ wọlé ṣánṣán, kó má dàgẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ awọ la ń kọ́kọ́ rán, kí òkè lè fara kanra fúnra rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ní láti yọ awọ díẹ̀ dànù pẹ̀lú kókó, àwòrán náà á sún, kò sí ọgbọ́n tó lè dá a padà tán.

Tàdáwà tí wọ́n fi ń fín ara, ìbáà jẹ́ dúdú ìdí ìkòkò, pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Awọ òkè ń ṣí dànù lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni tàdáwà wà, bí bùjé ni ì bá ṣe lọ. Ìpele kejì ló máa ń dé. Níbẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé ohun àjèjì mì. Wọ́n á gbé tàdáwà mì, kò ní dà nínú wọn. Ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé fi eku ṣàyẹ̀wò, wọ́n rí i pé bí sẹ́ẹ̀lì tó gbé e mì bá kú, tàdáwà náà á bọ́ sílẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tuntun á sì tún gbé e mì níbẹ̀ gan-an. Mo ti fẹ̀yìn tì kí n tó ka èyí, mo sì rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. A jẹ́ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ lára tiwa náà, àwọn tó di alángbá ìyá mi mú ní 1987 kọ́ ló gbà á lọ́wọ́ olóólà. Àwọn yẹn ti kú tipẹ́. Oyè ni alángbá. Ẹni tó jẹ ẹ́ ń lọ, oyè kò kúrò láàfin.

Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń rin ìrìn-àjò o. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ kókó kékeré kan lábíyá obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú. Kókó náà dúdú kirikiri. Gbogbo wa dákẹ́, ẹ̀rù bà wá. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, dúdú fínfín ni: orúkọ ọkọ àkọ́fẹ́ rẹ̀, tó ti kọ̀ sílẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ló ti rìn láti apá dé abíyá.

Ẹ̀sìn ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni mo ti di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Mùsùlùmí ni ìyá mi títí dọjọ́ ikú. Lórí fínfín, ọ̀rọ̀ wa kò yà. Léfítíkù orí 19 ẹsẹ 28 kò fẹ́ kí wọ́n gé ara nítorí òkú, kò sì fẹ́ kí wọ́n kọ àmì sí i. Hádíìsì tó wà nínú àkójọ Bukhari fi àwọn obìnrin tó ń fín ara gégùn-ún, àti àwọn tó ń ní kí wọ́n fín àwọn, àti àwọn tó ń yẹ eyín kí wọ́n lè ní èjí, pé wọ́n ń yí ohun tí Ọlọ́run dá padà. Ìyá mi ní èjí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe àbímọ́ni. Nítorí náà ó ti jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ogún ọdún. Ó ti bí ọmọ mẹ́rin kó tó gbọ́ wáàsí náà. Ó lọ bá àáfà lẹ́yìn ìrun pé kí ni kí òun ṣe. Àáfà ní kó tọrọ àforíjì, kó má sì lọ máa bó ara rẹ̀ nítorí àtipa á rẹ́. Ìyá mi délé, ó ní, "Ẹ gbọ́, Ọlọ́run ní kí wọ́n fi alángbá mi sílẹ̀." Kì í ṣe ohun tí àáfà wí nìyẹn. Ohun tó gbọ́ nìyẹn.

Bí a bá gba ọ̀dọ̀ àwọn baba wa lọ, Ọbàtálá ló mọ ara, kò sì mọ gbogbo rẹ̀ bákan náà: abuké ń bẹ, àfín ń bẹ, ẹni òrìṣà ni wọ́n. Bó bá ti mọ ọ́n tán, kí ni Ògún tún ń fi abẹ wá? Èrò tèmi ni pé àwọn baba wa kò gbà rí pé ara tí wọ́n bí sáyé ti parí. Wọ́n fi í lé ni lọ́wọ́ láti bá a ṣe nǹkan ni. Lórí àbíkú ni èyí ti le jù. Wọ́n á sàmì sí òkú ọmọ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá tún yà, wọ́n á sì máa wá àmì náà lára ọmọ tí wọ́n bá bí tẹ̀lé e. Mo ti rí ọmọ tó pọ̀ tó fọwọ́ rọrí ní wọ́ọ̀dù, mo mọ ohun tó ń pa wọ́n, n kò gba àbíkú gbọ́. Síbẹ̀, ẹni tó ń wá àmì yẹn gbà pé àpá kì í ṣe ti ẹran ara nìkan, pé ó lè bá ẹni tó ni ín kọjá odò tí ẹran ara kò lè kọjá.

Mo rò pé kèfèrí nìkan ló ń ro irú èyí, àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, ọmọ Áfíríkà Àríwá. Ní apá kejìlélógún ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, ó ń ṣírò bí ara tí a ó jí dìde yóò ṣe rí. Ó ní gbogbo àbùkù ni yóò lọ. Nígbà tó dé orí àwọn ajẹ́rìíkú, ó dẹ ọwọ́. Ó ní bóyá a ó ṣì máa rí àpá ìyà tí wọ́n jẹ nítorí Kristi lára wọn, kò sì ní jẹ́ àbùkù, yóò jẹ́ ẹwà. Ta ni yóò jà á níyàn? Ojú ìṣó wà lọ́wọ́ Kristi nígbà tó jí, wọ́n ní kí Tómásì wá fi ìka kàn án. Ara tó gba inú ilẹ̀kùn títì wọlé, ṣé agbára àtipa ojú ìṣó rẹ́ ni kò sí níbẹ̀?

Ẹ má pè mí ní aláìmọ̀kan. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín àpá ajẹ́rìíkú àti alángbá ikùn ọmọge Ọ̀yọ́, Augustine kò sì ní fọwọ́ sí kóló láéláé. Ohun tí mo rí mú lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ju pé Ọlọ́run lè wo ènìyàn sàn tán kó má pa ohun tí wọ́n kọ sí i lára rẹ́.

Ó yẹ kí n ti mọ èyí ní 2004. Lọ́dún náà ni ọ̀dọ́kùnrin kan wá yọ kókó ọ̀rá lókè àyà. Wọ́n ti fín orúkọ ìyá rẹ̀ síbẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, àti ọdún tí obìnrin náà kú. Abẹ́ orúkọ náà gan-an ni kókó jókòó sí. Ó bẹ dókítà, ọ̀dọ́ kan ni èyí, pé kó jọ̀ọ́, kó má ba orúkọ màmá òun jẹ́. Dókítà gbà fún un. Ó fara balẹ̀ fi bírò ya ibi tí abẹ yóò gbà sí i lára ní wọ́ọ̀dù, ó gba àlàfo lẹ́tà sí lẹ́tà, ó sì fa ìlà dábùú àwọn ibi tí abẹ kò ní lè yẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni mo nu ara rẹ̀ ní tíátà. Mo mọ̀ pé sípírítì á ṣí bírò. Ọ̀nà wà tí a ń gbà á: ká fi orí abẹ́rẹ́ ha àmì náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ kó tó ṣí, tàbí ká pe dókítà kó wá tún un fà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni pásítọ̀ wa wàásù lórí Léfítíkù. Mo wo lẹ́tà gàdàgbà yẹn, mo sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ la wá tọ́jú níbí. Mo nù ún. Ó mọ́ tónítóní. Dókítà wọlé, ó wo àyà náà, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, àmì mi dà?" Mo ní, "Wọ́ọ̀dù ló ti ń ṣí bọ̀, sà." Irọ́ ni mo pa. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó gé e.

Kókó jáde pátá. Ọgbẹ́ jinná wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kọ láti fi mí sùn. Lẹ́tà mẹ́ta ni kò pàdé mọ́, ìdajì lẹ́tà kan sọ̀ kalẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí ìdè òkè rẹ̀ já. Nígbà tó padà wá yọ òwú, ó tọrọ dígí lọ́wọ́ mi. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tọ orúkọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tó já, ìka rẹ̀ dúró, ó fò ó, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́.

Irọ́ pípa wà nínú òfin mẹ́wàá, fínfín kò sí níbẹ̀, ìyẹn nìkan tó láti pa mí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kọ́ ló ń jí mi lóru. Ọmọ yẹn gbé ara rẹ̀ fún wa pé ká yọ kókó. Orúkọ kò sí lára ohun tó gbé fún wa. Mo wá fi ọwọ́ ẹlòmíràn àti abẹ ẹlòmíràn dá ẹjọ́ tí ẹnì kan kò gbé wá síwájú mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni fínfín náà lóòótọ́, àárín òun àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀ ló wà, sípírítì mi kò sí níbẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́. Ó ní mo ń gbé e ga jù, pé asán ni ẹni tó bá ń wá kí àpá rẹ̀ má hàn ń wá. Ó ṣeé ṣe. Asán pọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò bẹ̀ wá pé kí àpá má hàn. Ìbáà hàn láti ibí dé Mókọ́lá, kò kàn án. Ìyá mi náà kò fi tirẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àlejò obìnrin kì í jókòó tán kó tó ká bùbá sókè. Títì Dókítà ló sọ ojú abẹ náà. "Ẹ wò ó," á wí, "alángbá mi ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì báyìí. Ọ̀pẹ mi ń bẹ lódì kejì. Kò sì sí ẹni tí mọ́tò pa."

Kóló ń tán lọ, kò dùn mí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ti ka fífín ara ọmọdé àti kíkọ ilà fún un léèwọ̀, mo sì fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò tíì lè yàn, kí wọ́n má yàn fún un. Àwọn tó lè yàn ti tún bẹ̀rẹ̀ tiwọn, tátù ni wọ́n ń pè é, àwọn náà yóò dàgbà, ìfun wọn yóò lọ́, kókó yóò sọ wọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ní 2011 ni ìyá mi kú, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn obìnrin ilé ló wẹ̀ ẹ́. Nítorí pé Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí, wọ́n ní kí n máa bu omi. Àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Ìyá Kánò, tó ti fi ogójì ọdún ṣòwò lọ́hùn-ún, ló ṣáájú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló tíì fi padà délé. Aṣọ funfun bo òkú láti àyà dé orúnkún bí ẹ̀sìn wọn ṣe fẹ́, abẹ́ aṣọ náà ni ọwọ́ ń gbà wẹ̀. Mò ń wo ọwọ́ Ìyá Kánò bó ṣe ń lọ lábẹ́ aṣọ. Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ síwájú, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kàwé.

"Alángbá rèé," ó ní. "Ìrù ẹ̀ rèé. Àṣàkẹ́, kí ni gígùn tó wà láàárín yìí? Kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ fún wa."

Mo ní, "Ojú abẹ ni, mà. Nígbà tí ìfun wọ́n lọ́."

Ọwọ́ rẹ̀ tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yí ìdodo ká lápá ọ̀tún. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn ọ̀wọ́ wẹ́wẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ, ó ré títì kọjá, ó bá wọn ní òdì kejì.

"Olóólà wo ló kọ èyí?"

"Dókítà ni, mà."

Ó mi orí. Ó ní kí n bu omi sí i.